Ta Ló Gbàgbé BLO?

Ní Kòmu ní Òkè-Ògùn, bí ẹ bá fẹ́ kí àgbà méjì fajú ro síra wọn kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹ bi wọ́n pé ta ló mọ àpàlà kọ jù, Hárúnà Ìṣọ̀lá ni àbí Àyìnlá Ọmọwúrà? Kò sí ọmọ Òkè-Ògùn nínú àwọn méjèèjì. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni Hárúnà, Abẹ́òkúta sì ni ti Àyìnlá. Ọdún 1980 ni wọ́n pa Àyìnlá, Hárúnà sì kú lọ́dún 1983. Síbẹ̀, ìjà náà ò tíì parí, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kó parí. Àwọn àbúrò àwọn àgbà yìí ń ja ti Barrister àti Kollington nídìí fújì. Àwọn ọmọ tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò lọ sí Òtu ń ja ti Ọṣùpá àti Pasuma, wọ́n á sì bú ara wọn dáadáa lórí ẹ̀ kí wọ́n tó gbowó lọ́wọ́ èrò.

Ìjà kẹrin wà, àmọ́ àwọn tó ń jà á ò pọ̀, wọ́n sì ń dín kù lọ́dọọdún. Àwọn tó fi Òkè-Ògùn sílẹ̀ lọ kàwé tàbí wáṣẹ́ ní Ìbàdàn àti Èkó nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lọ́dún 1970 ni: àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn tó bá ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlifóònù (P&T) ṣiṣẹ́ rí, àwọn tó da irun Áfúrò sórí, tí wọ́n wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgàdà tí wọ́n ń pè ní "Keep Lagos Clean" torí pé ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbá títì bí ẹni tó wọ̀ ọ́ ti ń lọ. Tí òkú àgbà bá kó wọn jọ sílé, tí àwọn onílù bá sinmi díẹ̀, tí ẹnì kan bá ṣèèṣì dárúkọ BLO, ó tán. Ẹran orí àwo á tutù.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, orin òyìnbó lẹ̀ ń gbọ́ yẹn."

"Òyìnbó wo? Láolú Akíntọ́bi ló wá di òyìnbó?"

Ibi tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èmi náà ti dá sí i rí, mo sì máa dá sí i lónìí, torí mo rò pé àwọn méjèèjì tó máa ń jà yìí, ẹni tó ń gbè sẹ́yìn BLO àti ẹni tó ń bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n, ò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà.

Fún ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta ni. Berkley Jones ló ń ta gìtá. Láolú Akíntọ́bi, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Láolú Akins, ló ń lu ìlù jáàsì. Mike Odùmosù ló ń ta gìtá báàsì. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Berkley, ti Láolú àti ti Odùmosù ni wọ́n tò pọ̀. Ìparí ọdún 1972 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Èkó, rọ́ọ̀kì ni wọ́n sì ń kọ, irú èyí tí gìtá rẹ̀ ń ké, tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ aláfẹsẹ̀tẹ̀ dà á láàmú títí ohùn rẹ̀ fi há.

Wọn kì í ṣe ọmọdé nídìí orin nígbà yẹn. Berkley àti Láolú ti wà nínú ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ The Clusters, tí wọ́n ń kọ orin Beatles débi pé wọ́n ń pè wọ́n ní Beatles ti Nàìjíríà. "Kọ́píráìtì" ni àwọn olórin ìgbà náà ń pe irú ìyẹn: orin olórin ni o kọ, àmọ́ o kọ ọ́ débi tí èrò fi gbàgbé ẹni tó ni ín. Orí kọ́píráìtì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ pọ́ọ̀pù ti ń jẹun láwọn ọdún 1960, ní òtẹ́ẹ̀lì, ní ilé ìwé gíga, àti níbi ijó ọ̀sán táwọn ọ̀dọ́ máa ń pè ní "Sunday jump". Geraldo Pino, ọmọ Sierra Leone tó gbé orin sóòlù bíi ti James Brown wọ Èkó, tó kó ẹ̀rọ tuntun dání débi tí ó fi ba Fẹlá pàápàá lẹ́rù, lo àwọn ọmọ yìí fúngbà díẹ̀. Wọ́n kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ tó ń jẹ́ Afrocollection, tí Táíwò àti Kẹ́hìndé Líjàdù, àwọn ìbejì tó ń kọrin, wà nínú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Ginger Baker dé. Òyìnbó yìí ló ń lu ìlù fún Cream, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta tí òkìkí rẹ̀ ti kàn káàkiri ayé, tí wọ́n sì ti tú ká lọ́dún 1968. Lọ́dún 1971 ó wa mọ́tò gba inú aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Nàìjíríà, ó bá Fẹlá ṣeré, ó kọ́ ilé tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ sí Èkó, ó sì kó Berkley, Láolú, àwọn ìbejì Líjàdù àti Joni Haastrup pọ̀ sínú ẹgbẹ́ tó pè ní Salt. Salt lọ sí òkè òkun, wọ́n sì ṣeré ní ìlú Munich ní Jámánì nígbà ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1972. Nígbà tí Salt tú ká, Berkley àti Láolú padà sílé, wọ́n fa Odùmosù mọ́ra, wọ́n sì di BLO.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, EMI gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde, Chapter One. Èyí ni àwo tó ń fa wàhálà jù lọ láàárín àwọn olólùfẹ́ wọn. Nígbà tó máa fi di ọdún 1975, wọ́n ti kúrò ní EMI, wọ́n ti bọ́ sọ́dọ̀ Afrodisia, ọmọ ilé-iṣẹ́ Decca, wọ́n sì ṣe Phase II àti Step Three níbẹ̀. Odùmosù bá ẹgbẹ́ Osibisa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Biddy Wright rọ́pò rẹ̀, orin wọn ń yí sí fọ́ńkì, ó sì yí sí dísíkò. Ọdún 1982 ni wọ́n túká. Ọdún mẹ́wàá péré.

Ẹ jẹ́ ká padà síbi ìjà.

Àwọn kan ní Chapter One ni BLO, gbogbo èyí tó kù, àwítúnwí ni. Àwọn kejì ní rárá, pé Phase II ni àwọn ọmọ náà tó mọ ara wọn. Pé nínú Chapter One, Cream àti Hendrix ṣì ń bọ́ láti ẹnu gìtá Berkley, ṣùgbọ́n ní Phase II ìlù ti gba iwájú, ọwọ́ Láolú sì ti balẹ̀. Mo mọ bàbá kan tó jẹ́ pé tí o bá sọ pé Phase II dára ju Chapter One lọ, ó máa dìde kúrò níbẹ̀. Kò ní bú ẹ. Á kàn dìde.

Èmi ń bá bàbá yẹn lọ, bí mi ò tilẹ̀ ní dìde. Kí ẹ gbọ́ "Chant to Mother Earth" inú Chapter One ẹ̀ẹ̀kan. Orin náà kò yára. Wọn ò bẹ yín pé kẹ́ ẹ jó. Gìtá ń rìn lọ́nà tirẹ̀ lábẹ́, ohùn wọn ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn bí ẹni ń ké láti ìsàlẹ̀ kànga, Láolú sì wà lẹ́yìn tí kò jẹ́ kí nǹkan kan yára ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ló kọ orin yìí, ní Èkó tó kún fún ariwo owó epo. Ibi tí wọ́n ti rí sùúrù yẹn ni mo ń wádìí títí di òní. Tí ẹ bá sì fẹ́ ariwo, ariwo wà nínú "Preacherman", tó wà nínú àwo kan náà. Mo gbà fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Phase II nínú ọ̀rọ̀ ìlù nìkan: lóòótọ́ ni, Láolú lu ìlù dáadáa sí i níbẹ̀. Ìlù nìkan kọ́ la ń gbọ́ nínú orin, ṣá.

Ẹ̀sùn ńlá ni pé wọ́n ń ṣe bí òyìnbó. Gìtá òyìnbó, ìlù òyìnbó, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ púpọ̀ nínú orin wọn. Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn wọn máa ń fi ìbínú dáhùn, wọ́n á ní ọmọ Yorùbá ni, ẹ̀jẹ̀ ò ṣeé fọ̀. Ìyẹn kì í ṣe èsì. Èsì tó wà ni pé kí wọ́n bi ẹni tó fẹ̀sùn kàn wọ́n pé ta ló ni gìtá tó wà nínú jùjú? Àyìndé Bákàrè ló mú gìtá oníná wọ inú jùjú lọ́dún 1949. I.K. Dáíró gbé dùùrù alápò sáyà, dùùrù tí àwọn òyìnbó fi ń jó nílé ọtí, ó sì di bàbá jùjú. Sunny Adé gbé gìtá onírin alátẹ́ẹ́lẹ̀ tí àwọn ará Hawaii àti àwọn darandaran Amẹ́ríkà ń ta sínú orin tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní ó ń ṣe bí òyìnbó. Wọ́n ní ọba ni. Tí yíyá ohun èlò bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kò sí olórin wa kan tó mọ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ yàtọ̀, ó wúwo díẹ̀, mo máa dé ibẹ̀.

Ìjà kan tún wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo èyí lọ, torí obìnrin ló máa ń dá a sílẹ̀. Níbi ìnáwó kan, bí àwọn ọkùnrin ti ń pariwo pé a ò mọ iyì BLO, ìyá kan tó ti ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn rí da omi tútù sí wọn lára: "Ẹ̀yin ń sunkún BLO. Àwọn ìbejì ńkọ́?" Gbogbo wọn dákẹ́.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ìyá sọ. Táíwò àti Kẹ́hìndé Líjàdù, tí wọ́n bí ní Jos ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1948, ti gba àwo sílẹ̀ kó tó di pé BLO wà. Àwọn náà wà nínú Afrocollection, wọ́n wà nínú Salt. Nígbà tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta fi lẹ́tà orúkọ wọn sọ ẹgbẹ́, lẹ́tà tiwọn ò sí níbẹ̀. Wọ́n ń dá kọrin wọn lọ, àwọn náà sì dé ọ̀dọ̀ Afrodisia: Danger lọ́dún 1976, Mother Africa lọ́dún 1977, Sunshine lọ́dún 1978, Horizon Unlimited lọ́dún 1979. Biddy Wright tó rọ́pò Odùmosù ní BLO, òun náà ló wà nídìí ohun èlò nínú àwọn àwo yìí. Wọ́n kọ ti ìyà, wọ́n kọ ti ìjọba tó ń jẹni run, wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ohùn méjèèjì sì ń lọ pọ̀ débi tí ẹ ò ní mọ ẹni tó ń gbe. Ẹbí Fẹlá ni wọ́n. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ irú ìyà tó ń jẹ obìnrin olórin nígbà náà, kó ka iye àwọn àgbà nílùú wa tó mọ Fẹlá, kó sì ka iye àwọn tó mọ àwọn ìbejì. Ní àwọn ọdún 1980 wọ́n kọjá sí Amẹ́ríkà, Brooklyn ni wọ́n ń gbé. Lọ́dún 1996 Kẹ́hìndé já bọ́ lórí àtẹ̀gùn, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ bà jẹ́, ìyẹn ló sì fi òpin sí eré wọn fún ìgbà pípẹ́. Oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ni Kẹ́hìndé kú.

Nítorí náà, tí a bá ń to àwọn tí a kò mọyì, àwọn ìbejì ló máa wà lókè lọ́dọ̀ tèmi, BLO á tẹ̀ lé wọn, Monomono tí Joni Haastrup darí á jẹ́ ìkẹta. Ofege ńkọ́, àwọn ọmọ iléèwé St Gregory's tí wọ́n ṣe Try and Love lọ́dún 1973 nígbà tí wọ́n ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù? Ẹ jẹ́ kí àwọn ará Èkó jà fún wọn.

Kí ló wá fà á tí a fi gbàgbé wọn? Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ ni pé orin wọn ṣàjèjì, a sì ti rí i pé ìyẹn ò dúró. Èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ náà wà nínú ọ̀nà tí owó gbà ń wọ ọwọ́ olórin nílẹ̀ Yorùbá.

Ẹ fojú inú wo àgbẹ̀ kan ní Kòmu lọ́dún 1974, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó tábà. Ó ra aṣọ, ó fẹ́ ṣe ìsìnkú bàbá rẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ra giramafóònù. Àwo Ebenezer Obey ni ó gbé lé e. Ẹ̀gbẹ́ àwo kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orin kan tó ń wọnú orin ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó ń jó kò ní í dúró, ẹni tó ń ta ọtí kò ní í dúró. Nínú orin yẹn, Obey á dárúkọ oníṣòwò kan, á kì í, á yìn ín dé ọ̀dọ̀ ìyá tó bí i. Àgbẹ̀ wa kì í ṣe oníṣòwò yẹn, àmọ́ ó mọ̀ pé bí owó bá tó, orúkọ òun náà lè wọ inú àwo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ná owó fún olórin lójú agbo. Olórin ń kì wọ́n, wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, àwọn tí wọ́n sì kì ń ra àwo náà pín fún ẹbí.

Kí ẹ wá gbé Chapter One sórí giramafóònù kan náà. Orin méje ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, orin á parí, ijó á dúró, ẹni tó bá ti gbé ẹsẹ̀ sókè á gbé e sílẹ̀. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Kò sí olóyè, kò sí ìyá ẹlẹ́ja, kò sí ọ̀gá awakọ̀. Wọn ò kì ẹnikẹ́ni torí wọn kì í ṣe akéwì lójú agbo, olórin orí pèpéle ni wọ́n: ẹ sanwó lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé, ẹ dúró, ẹ gbọ́. Ibi tí irú ìyẹn ti ṣeé ṣe ni Yunifásítì Ìbàdàn, Ifẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì Èkó. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń san owó wọn, akẹ́kọ̀ọ́ á sì jáde, á gba iṣẹ́, á fẹ́ ìyàwó, á sì di ẹni tó ń pe Sunny Adé síbi ìkómọ. Nígbà tó bá yá, Chapter One ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ta ló máa pe BLO wá síbi ìkómọ?

Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti wúwo nìyí. Ènìyàn lè jó sí orin tí kò gbọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè fi orin tí kò gbọ́ bá ọ̀tá rẹ̀ wí, kò lè fi bá aya rẹ̀ tage, kò lè pa á lówe ní ìpàdé. Àyìnlá fún àwọn ènìyàn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lọ́jà lọ́jọ́ kejì. BLO ò fún wọn.

Decca mọ ìṣirò yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ilé-iṣẹ́ kan náà tó ni Afrodisia ló ń ta Obey. Tí àwo Obey bá ń lọ bí iyọ̀ lọ́jà, kí ni ìdí tí wọ́n á fi máa ná owó lé ọmọ mẹ́ta tó ń ta gìtá kíkankíkan? Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì dé, àwọn tó ń jí orin dà kọ ò jẹ́ kí olórin rówó jẹ mọ́, náírà sì wó. Kò sí àyè fún rọ́ọ̀kì nínú ìyẹn.

Títí di ibí yìí, ìtàn àwọn tí a gbàgbé ni, irú rẹ̀ sì pọ̀. Àmọ́ ìyókù ìtàn yìí ni àwọn tó ń jà níbi ìsìnkú kì í mú wá.

Lọ́dún 1989, Shina Peters gbé àwo kan jáde ní CBS, Ace. Ẹni tó ti gbọ́njú nígbà náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Shina ti wà lọ́dọ̀ Prince Adékúnlé, òun àti Ṣẹ́gun Adéwálé ti jọ ṣe ẹgbẹ́, kò sì tíì sẹ́ni tó kà á mọ́ Obey àti Sunny. Ace jáde, Nàìjíríà yí. Láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, kò sí ìgbéyàwó tí wọn ò ti lu ú. Wọ́n pè é ní Afro-jùjú, wọ́n pe wèrè tó mú àwọn ènìyàn ní Shinamania, òun náà sì fi Shinamania sọ àwo tó tẹ̀ lé e lọ́dún 1990. Fújì tó ti fẹ́ gba gbogbo agbo lọ́wọ́ jùjú ní láti wẹ̀yìn wò.

Ẹni tó darí gbígba àwo náà sílẹ̀ ni Láolú Akins. Láolú ti BLO.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ yẹn díẹ̀, torí àwa tí a kàn ń gbọ́ orin kì í sábà mọ̀ ọ́n. Pùrodúsà kì í kọrin, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í sì í fọwọ́ kan ìlù. Òun ló ń sọ bí orin ṣe máa yára tó, ìlù tó máa wà níwájú, gìtá tó máa dákẹ́ kí èyí tó kù lè sọ̀rọ̀, ibi tí wọ́n á ti gé e, ibi tí wọ́n á ti jẹ́ kí onílù dá lu. Jùjú ṣáájú Ace máa ń rọra yí, bí ẹni tó ní gbogbo òru. Ace ò ní àkókò yẹn. Ìlù jáàsì wà níwájú, ó ń sáré, àwọn ìlù yòókù ń lé e, gìtá sì ń gé bí abẹ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, etí mi ló sọ: ọwọ́ ọmọ tó ń lu ìlù lẹ́yìn Berkley Jones lọ́dún 1973 wà nínú rẹ̀. Ó mọ bí ìlù ṣe ń gbé orin, ó mọ bí a ṣe ń gba ìlù sílẹ̀ kó dún bí ìlù. Ní ọdún 1973, wọn ò kì ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò sì lẹ owó mọ́ wọn. Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn náà, ó fi ohun tó kọ́ níbẹ̀ sábẹ́ ohùn ẹni tó mọ bí a ṣe ń ki ènìyàn, gbogbo Òkè-Ògùn sì dìde jó.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé àwọn ará Kòmu ò gbọ́ BLO rí, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá jó sí Ace níbi ìgbéyàwó lọ́dún 1990 ti jó sí wọn. Bàbá tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu "orin òyìnbó" wà lára wọn. Mo rí i lójú agbo.

Àwọn aláwọ̀ funfun ti wá ń wá wọn kiri báyìí. Lọ́dún 2001, ilé-iṣẹ́ àwo Strut ní Lọ́ńdọ̀nù kó orin BLO jọ sínú àwo kan tí wọ́n pè ní Phases 1972-1982. Lọ́dún 2008, Soundway kó orin rọ́ọ̀kì Nàìjíríà jọ. Lọ́dún 2016, Now-Again ní Amẹ́ríkà gbé Wake Up You! jáde, ìpín méjì, Uchenna Ikonne ló sì kọ ìtàn inú rẹ̀, ìtàn tó kún tó sì péye. Knitting Factory náà tún àwọn àwo ìbejì Líjàdù tẹ̀. Àwọn kan nínú wa ń fi èyí yangàn: "Ẹ rí i, òyìnbó ti mọ iyì wọn." Inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ó dára kí orin má ṣègbé, ó dára jù kí ẹni tó kọ ọ́ rí nǹkan gbà. Ṣùgbọ́n pé ọmọ ogún ọdún ní Berlin mọ ẹni tó ta gìtá báàsì nínú Chapter One, tí ọmọ ogún ọdún ní Òtu ò sì mọ̀, ìyẹn ò ṣeé fi yangàn.

Mo lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń da orin sí mẹ́mórì kádì lọ́jà. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ti fọ́ létí, ó fi sẹ́lótéèpù dè é. Ó to orin rẹ̀ bí ẹni to igbá: Àyìnlá lọ́tọ̀, Barrister lọ́tọ̀, Ọṣùpá nìkan ní ibi mẹ́rin, orin ẹ̀mí, orin Islam, àwọn tàkasúfèé tuntun. Mo ní ṣé ó ní BLO. Ó bi mí pé ṣé fújì ni àbí wákà. Mo ní ṣé ó ní Ace. Ojú rẹ̀ là: "Ẹ̀gbọ́n, ta ni ò ní Ace?" Ó lù ú fún mi láti inú ẹ̀rọ rẹ̀, obìnrin tó ń ta ìrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti ń mi èjìká kí gìtá tó wọlé dáadáa. Mo sọ orúkọ Láolú Akins fún un. Ó ní òun máa wá a. Bóyá ó ti wá a, bóyá kò tíì wá a.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé orin sáfẹ́fẹ́ láwọn ilé-iṣẹ́ rédíò Òkè-Ògùn, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín kò pọ̀. Nígbà tí ẹ bá tún máa lu Ace lọ́jọ́ Sátidé, ẹ dárúkọ ẹni tó darí rẹ̀, ẹ lu "Chant to Mother Earth" tẹ̀ lé e, kí ẹ sì lu orin kan lára ti àwọn ìbejì Líjàdù kí ẹ tó lọ sí ìkéde òkú. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fóònù sílẹ̀ kí àwọn ènìyàn máa bú yín. Ẹ̀yin tí àwo wọn sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá yín, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀, ẹ má gbé e síbi tí oòrùn ti máa ta á, ẹ gbé e dúró ṣánṣán, kó má baà ká. Ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni tó bá wá láti Èkó pẹ̀lú owó díẹ̀ lọ́wọ́, kí àwọn ọmọ yín tó gbọ́ ọ.